Gbèsè Àáró

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ti fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé, wá kí mi, ó sì fi àwòrán kan hàn mí. Ó wọ bàtà rọ́bà tí ó ga dé orúnkún, ó di ṣọ́bìrì mú, ìgbẹ́ erin sì ga bí òkìtì níwájú rẹ̀. Ibùdó ààbò erin kan ní tòsí Chiang Mai, ní àríwá ilẹ̀ Thailand, ni wọ́n ti ya á. Ó ní òun fi odidi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ sin àwọn erin. Mo bi í ní iye tí wọ́n san fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Rárá o, sà, èmi ni mo sanwó.”

Ìdáhùn yìí kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Yorùbá mọ ọ̀wẹ̀, ó sì mọ àáró. Ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ni í wá oúnjẹ àti ẹmu fún àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Ní ti àáró, bí o bá bá mi ro oko lónìí, n ó bá ọ ro tìrẹ lọ́la, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ kówó sílẹ̀ kí a tó gbà á láyè láti kó ìgbẹ́, èwo ni ká pe èyí? Ta ni ó bẹ ọ̀wẹ̀ níbẹ̀, ta sì ni ó ń jẹun?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn erin náà ṣe di ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́. Erin ni ó ń fa gẹdú nínú igbó àríwá Thailand. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bí Borneo Company àti Bombay Burmah Trading Corporation wà lára àwọn tí ó ń gé igi tíìkì níbẹ̀. Erin a wọ́ ọ dé etí odò, odò a gbé e lọ. Ní 1988, omíyalé bá gúúsù orílẹ̀-èdè náà jà, ilẹ̀ tí a ti gé igi rẹ̀ ya lulẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì kú. Ní 1989, ìjọba fòfin de gígé gẹdú nínú igbó. Òfin rere ni, àmọ́ ó sọ erin àti olùtọ́jú rẹ̀ di aláìníṣẹ́. Erin tí ó lè jẹ nǹkan bí 150 kìlógíráàmù oúnjẹ lójúmọ́ kò ṣe é fi sílẹ̀ lásán. Wọ́n bá kó wọn lọ síbi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń gùn wọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ ń ṣagbe kiri ìgboro Bangkok.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ erin ní ìgbọràn kò dùn ún gbọ́. Wọn a gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tí ó gbé oyún rẹ̀ fún bí oṣù 22, wọn a há a mọ́ àárín igi tóóró, wọn a sì máa nà án títí yóò fi gbà pé ènìyàn ni olúwa òun. Nítorí irú ìyà yìí ni Saengduean Chailert, tí wọ́n ń pè ní Lek, ṣe dá Elephant Nature Park sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ báyìí. Àlejò a máa gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti elégédé, a máa kó ìgbẹ́. Ní àwọn ibòmíràn, a tún máa wẹ erin. (Àjànàkú tí ó ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí a tó bí baba ńlá wa!) Ìwẹ̀ yẹn, ti àlejò àti ti kámẹ́rà rẹ̀ ni. Àwọn ibùdó kan ti fòpin sí i, wọ́n ní kí àlejò dúró lókèèrè kí ó máa wòran. Irú ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ, ó sì dùn ún díẹ̀ pé òun kò fọwọ́ kan erin kankan. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí ó tóbi jù tí ó ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Síbẹ̀, n kò lè fi owó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà lé àlejò lọ, kò sówó oúnjẹ mọ́. Erin tí ó lé ní 100 ni àwọn olówó wọn fi ẹsẹ̀ dà padà sí abúlé. Ìgbádùn àlejò ni oúnjẹ erin. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a pè é ní àánú. Erin ti ṣe ìpín tirẹ̀ nínú àáró, láti ìgbà èwe títí di ogbó. Ọjọ́ kan péré ni àwa ń dá padà, a sì tún ń ya àwòrán rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò gbà. Ó ní baba òun kò gé tíìkì, baba òun kò sì tà á. Gbèsè ta ni òun wá ń san? Mo ní àwọn baba tiwa náà pa erin, wọ́n ta eyín rẹ̀, wọ́n sì ń kì í bí wọ́n ti ń pa á. Mo ní ìwọ̀nba erin díẹ̀ ṣì kù nínú igbó Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìhà Ìjẹ̀bú tirẹ̀ gan-an.

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí?”

N kò tíì dé ibẹ̀.