ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: PADÀ SÍBI TÓ O TI ṢUBÚ

 

Ibi kíkà: Jòhánù 21:15-17

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí wá ni kí ẹni tí ẹyin tirẹ̀ ti fọ́ lójú gbogbo ayé ṣe?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1959, John Coltrane, afọnfèrè jazz, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ sítúdíò ní New York láti gba orin kan sílẹ̀, "Giant Steps". Orin náà yára, kì í sì í dúró lójú kan. Coltrane mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n ọwọ́ Tommy Flanagan tó ń tẹ dùùrù kò tíì mọ́ ọn. Nígbà tó kan Flanagan láti dá ṣe tirẹ̀, ó tẹ díẹ̀, ó dúró. Ó tún tẹ díẹ̀, ọ̀nà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Coltrane bá gbé fèrè sẹ́nu, ó gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná: bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e jáde ní 1960. Títí dòní, ẹni tó bá gbọ́ àwo yẹn á gbọ́ ibi tí Flanagan ti kọsẹ̀.

Ó lè ní òun ò ní fọwọ́ kan orin yẹn mọ́ láé. Àbí àwa náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ní 1982, lẹ́yìn tí Coltrane ti kú láti 1967, Flanagan padà wọ sítúdíò, ó fi odindi àwo kan ṣe ìrántí rẹ̀, ó sì tẹ "Giant Steps" níbẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ti tuntun kò pa ti àtijọ́ rẹ́. Méjèèjì ṣì wà.

Ti Flanagan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ti Pétérù ló wúwo. Síbẹ̀, ọ̀nà àtipadà jọra. Sísẹ́ tí Pétérù sẹ́ Jésù ṣì wà nínú Ìwé Mímọ́, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Jésù bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ará, a máa ń gbàdúrà pé káwọn èèyàn gbàgbé. Wọ́n lè má gbàgbé. Ọmọ tó o já kulẹ̀, aya tó o sọ̀rọ̀ sí láìdáa, iṣẹ́ ìjọ tó o sá fún nítorí ìtìjú: ibẹ̀ gan-an ni kó o padà sí lónìí.

Àdúrà: Olúwa, fún mi nígboyà láti padà síbi tójú ti tì mí. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. 🙏