Ta Ló Máa Ru Ẹrù Ẹni Tí Wọ́n Lé Lọ?

Ẹni tó bá ti dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ á ti rí àwọn alábàárù. Ẹja ń wọlé látojú omi, àwọn oníbàárà ń ná èpìyà, wọ́n ń ná àrọ̀, ariwo gba gbogbo ọjà. Alábàárù á dúró ti agbọ̀n, á fojú wọn ẹrù, á sọ iye tó máa gbà. Ìgbà tí ẹnu bá kò ló máa tó gbé òṣùká lérí. Bí ẹni tó rajà bá wá fẹ́ gbé agbọ̀n kejì lé ti àkọ́kọ́, á ní, "Màmá, ẹrù ti pọ̀ sí i o, owó náà á lé." Kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀lẹ. Kò sẹ́ni tó máa ní kó máa dúpẹ́ pé òun tiẹ̀ ríṣẹ́ ṣe. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Àwa tá a lọ sílé ìwé, tá a gbé káàdì kọ́rùn lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé a lè sọ ohun tí alábàárù yìí sọ? Ohun tá a fẹ́ ká jọ rò nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ wà nídìí iṣẹ́ kan. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, nígbà tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ ṣíwọ́, HR pe ẹni mẹ́ta, wọ́n já lẹ́tà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n gba káàdì lọ́rùn wọn. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá pe ẹ̀yin méjì tó kù. Ó ní ilé iṣẹ́ fọkàn tán yín ni wọ́n ṣe dá yín sí. Bí iṣẹ́ àwọn mẹ́ta ṣe di tiyín nìyẹn. Owó oṣù ò kúrò níbi tó wà. Aago márùn-ún tẹ́ ẹ fi ń ṣíwọ́ di aago mẹ́jọ. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó á wọlé lóru, ìdájí á tún bá a ní gáréèjì. Bẹ́ ẹ bá ráhùn, èsì kan ló wà: "Ṣẹ́ ẹ mọ iye èèyàn tó ń wá iṣẹ́ yìí níta?"

Òfin ní nǹkan í sọ sí i. Òfin tó de ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni Labour Act. Abala 20 rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa kí èèyàn pàdánù iṣẹ́ pátápátá, láìfẹ́ ẹ, nítorí pé òṣìṣẹ́ pọ̀ jù. Bí irú ẹ̀ bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tó fi fẹ́ dín èèyàn kù àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n lè wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti bí èèyàn ṣe ṣeé gbọ́kàn lé. Agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ sapá láti bá wọn dúnàá-dúrà lórí owó tí ẹni tó ń lọ máa gbà.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ kan wò níbẹ̀: òṣìṣẹ́ *pọ̀ jù*. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni márùn-ún bá pọ̀ jù fún iṣẹ́ kan lóòótọ́, ó yẹ kí ẹni méjì tó kù lè ṣe é kí wọ́n sì ṣíwọ́ lásìkò. Àmọ́ bí àwọn méjì yìí ò bá ráyè jẹun ọ̀sán mọ́, tí iṣẹ́ ń bá wọn délé, tí WhatsApp ọ̀gá ń dún lọ́jọ́ Ìsinmi, a jẹ́ pé àwọn márùn-ún ò pọ̀ jù. Iṣẹ́ tó ya lé ẹni méjì lórí ni ẹlẹ́rìí. Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe ni pé ó dá owó oṣù ẹni mẹ́ta dúró, ó sì ń gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá náà ní àwíjàre, a ò ní ṣe bí ẹni pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, náírà já wálẹ̀, owó dísù àti ti ohun èlò ga. Lọ́dún yẹn kan náà ni GSK, ilé iṣẹ́ apoògùn ńlá, kéde pé àwọn fẹ́ kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní ilé iṣẹ́ kékeré lè wò ó pé bí òun ò bá yọ ẹni mẹ́ta, gbogbo àwọn márùn-ún ló máa padà lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ohun tó ń sọ nígbà yẹn ni pé owó ò tó, kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí owó ò bá tó, ẹ jẹ́ ká jọ mọ̀ ọ́n, ká jọ pín àdánù náà. Kí iṣẹ́ tá à ń ṣe náà dín kù. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó ń rìn lójú ọ̀sà mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ rì, ẹrù là ń dà sómi. Èwo ni ká ju atukọ̀ sómi, ká fi ẹrù sílẹ̀ nínú ọkọ̀?

Wọ́n tún máa ń sọ̀rọ̀ ìyọniníṣẹ́ bí ẹni pé òjò ló rọ̀ látọ̀run. Rárá o, ìpinnu èèyàn ni. Ní oṣù karùn-ún 2020, nígbà kòrónà, tí ìròyìn kàn pé àwọn báǹkì fẹ́ lé òṣìṣẹ́, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ní báǹkì kankan ò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn. Ohun tí èèyàn pinnu, èèyàn lè béèrè ìdí ẹ̀.

Àwa tá a kù ńkọ́? Ọ̀kan nínú wa wà lára ẹni méjì tó kù níbì kan tá ò ní dárúkọ. Oṣù méjì gbáko ni kò fi lè pe àwọn tó lọ lórí fóònù. Ojú ń tì í, ó dà bí ẹni pé òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó tún ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ rí i lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń pín wa nìyẹn: ìtìjú lápá kan, ìbẹ̀rù lápá kejì. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Lọ́dún 1975, ìjọba Múrítàlá lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000, ọ̀pọ̀ lójú ẹsẹ̀, láìgbọ́ tẹnu wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ títí dòní pé ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun ò fi bẹ́ẹ̀ dájú mọ́, tí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá tara ẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ gbà á? Ẹ ò kúkú sọ̀rọ̀." Ṣé ìdákẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni wọ́n ń pè ní àdéhùn? Ẹnu méjì ló ń dá iye lọ́jà. Abala 13 òfin yẹn kan náà ní wákàtí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fẹnu kò sí, pé ohun tó bá lé lórí ẹ̀, ófátáìmù ni. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí kan ó kéré tán fi sinmi, kó sì ní odindi ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méje.

Ibì kan wà tó ń dùn wá. Ẹni tí òfin yìí pè ní òṣìṣẹ́ ò kó gbogbo wa mọ́ra: ó yọ àwọn alábòójútó àtàwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ àkọ́mọ̀ọ́ṣe sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè bá ara wa níta. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ fi ṣe pàtàkì. Ẹ kà á, ẹ tọ́jú ẹ̀. National Industrial Court wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011 sì fún un lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

A ò fẹ́ sọ pé ayé alábàárù dùn o. Kò ní ìsinmi tó ń mówó wá, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ tí ọrùn bá ń dùn ún ebi ń dúró. Ohun kan ṣoṣo tó ní tá ò ní ni pé bí oníbàárà yìí ò bá san owó tó yẹ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwa, oníbàárà kan ṣoṣo la ní. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ò fi gbọ́dọ̀ dá nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin méjì tó kù jọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá: iṣẹ́ tá à ń ṣe tẹ́lẹ̀ rèé, èyí tó kún un rèé, èwo lẹ fẹ́ ká fi sílẹ̀, àbí èló lẹ fẹ́ fi kún owó? Ẹni tó ní ọmọ nílé, tí owó ilé ń lé bọ̀, tí ò lè bá wọn fọwọ́ sí i, a ò dá a lẹ́bi.

Àmọ́ gbogbo wa la lè pe àwọn mẹ́ta tó lọ. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rí owó wọn gbà.