Ta Ni Yóò Mọ Irú Òwú Tí A Fi Rán An?

Bí o bá rìn ní Komah, ní ìlú Sokodé, ìwọ yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Tchamba àti ní Kambolé. Aránṣọ jókòó, ó ń rán aṣọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ yí i ká. Nígbà tí oníbàárà dé, ó wo àwọ̀ aṣọ náà, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo apá rẹ̀. Ó dára lójú rẹ̀. Ó sanwó, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò wò: òwú tí ó so aṣọ náà pọ̀. Inú ni ó wà. Aránṣọ nìkan ni ó mọ irú èyí tí ó fi sí i.

Ìbéèrè wa nìyí: Ǹjẹ́ ó yẹ kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ rere níbi tí ojú oníbàárà kò lè dé? Bí ó bá yẹ, kí ni ìdí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ìránṣọ kan tí ó ní ewu gidigidi. Aṣọ ńlá kan wà tí a ń pè ní páráṣúùtù. Ó dà bí agbòòrùn tí ó tóbi púpọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú a so ó mọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá ti fò jáde, aṣọ náà a ṣí, afẹ́fẹ́ a kún inú rẹ̀, ẹni náà a sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù October ọdún 1797, ọkùnrin ará Faransé kan, André-Jacques Garnerin, fi irú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Paris láti òkè réré, ní nǹkan bí mítà 1.000. Kò kú.

Okùn ni ó so ènìyàn mọ́ aṣọ náà. Irú kan wà tí ó ní okùn 28. Okùn kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ìka ọwọ́ kékeré lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lè gbé ẹrù tí ó tó kílò 249 kí ó tó já. Náílọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣe é. Oòrùn a máa jẹ okùn náà, ìlò a máa gbó o. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a ó yọ ọ́, a ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, a ó sì rán an.

Níbẹ̀ ni ọgbọ́n aránṣọ wà. Okùn tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, kí gígùn rẹ̀ sì bá ti àwọn yòókù mu. Bí kò bá bá a mu, ẹrù kò ní pín dọ́gba. Òwú tí a fi rán an gbọ́dọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú, nítorí òwú oko a máa jẹrà bí omi bá ń bà á. Ìrán náà kì í lọ tààrà. Ó ń yà sí ọ̀tún, ó ń yà sí òsì, kí ó lè bá okùn fà nígbà tí ẹrù bá já lé e lójijì. Bí ó bá lọ tààrà, òwú lè já. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kí a kàn gún abẹ́rẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá pọ̀ jù, okùn fúnra rẹ̀ a di aláìlágbára. Ìfẹ́ rere nìkan kò tó. A ní láti mọ iṣẹ́ náà.

Ẹni tí yóò fò kò rí aránṣọ rí. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní òfin kan: ẹni tí ó ń di páráṣúùtù fún àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣetán láti fi èyíkéyìí tí ó dì fò fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Aṣọ tèmi kì í ṣe páráṣúùtù. Bí ó bá tú, a ó tún un rán." Òótọ́ ni fún bùbá àti ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n wo ọ̀já tí ìyá fi pọn ọmọ. Wo okùn tí a fi di ẹrù mọ́ orí kamiọ́ tí ń gun òkè. Wo igbà tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Àwa pẹ̀lú ní ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé: "Owó tí ó san kò tó fún òwú rere." Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Aránṣọ ní ilé, ó ní ọmọ, òwú sì wọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè fi ipá mú un ra òwú dídára láti inú àpò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè sọ̀rọ̀. Ó lè wí pé: "Ìyá mi, owó yìí, òwú yìí ni ó lè rà. Kò ní pẹ́." Nígbà náà, oníbàárà a mọ ohun tí ó ń rà. Òwú tí kò lágbára kì í ṣe irọ́. Irọ́ ni kí a fi í pamọ́, kí a sì gba owó òwú rere.

Nítorí náà, ìdánwò kan nìyí: Ǹjẹ́ mo lè sọ fún ẹni tí ó ni iṣẹ́ yìí ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Bí ojú bá ń tì mí láti sọ ọ́, mo ti mọ ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí nìkan kò tó. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó rà á kọ́ ni yóò rọ̀ mọ́ ọn. Ìjọba ni ó ń ra páráṣúùtù, ọmọ ogun ni ó ń fò. Ìyá ni ó ń ra ọ̀já, ọmọ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá lè gbà pé kí a fi òwú tí kò dára rán an, ṣùgbọ́n ta ni ó bi ọmọ? Níbi tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà, kò tó kí a sọ òótọ́ fún ẹni tí ó sanwó. Kí aránṣọ rán an dáadáa, tàbí kí ó sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè ṣe é báyìí." Kíkọ iṣẹ́ dára ju pípa ènìyàn lọ.

Ẹ̀yin ará, ọmọ iṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí oníbàárà kò rí, ọmọ iṣẹ́ rí i. Bí ọ̀gá bá fi òwú burúkú pamọ́, ọmọ iṣẹ́ kọ́ ìránṣọ, ó sì kọ́ olè. Bí ọ̀gá bá tú ìrán tí kò dára, tí ó tún un rán, ọmọ iṣẹ́ kọ́ iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.