Ẹni Tó Bá Rí Wúrà Nínú Ilẹ̀, Ṣé Òun Ló Ni Ín?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí lemọ́lemọ́ láti bí oṣù mélòó kan, ìdáhùn rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí fóònù lọ. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá, ṣé tí mo bá ra ẹ̀rọ yẹn, màá rí wúrà?" Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ ni metal detector, ọ̀pá gígùn kan tó ní abọ́ pẹlẹbẹ nídìí, tí àwọn òyìnbó máa ń fì sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ nínú fídíò. Ó ké, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n yọ wúrà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Fídíò tán.

Bóyá wọ́n máa rí i tàbí wọn ò ní rí i kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ rò ni èyí tí kò sẹ́ni tó bi mí rí: bí o bá rí i, ta ló ni ín?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yìí wá wúrà jù láyé ni ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà. Ọdún 1851 ni òkìkí wúrà ibẹ̀ kàn, tí èrò rọ́ lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Àwọn awakùsà ìgbà náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n wúrà kò tán. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá a kì í ṣe awakùsà rárá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, mẹkáníìkì ni, tọkọtaya tó lọ pàgọ́ sínú igbó fún ọ̀sẹ̀ kan ni. Wọ́n ń ṣe é bí àwa ṣe máa ń wá ìgbín lálẹ́ ọjọ́ òjò: bó bá ṣẹnuure, a rí ọbẹ̀ sè, bí kò bá ṣẹnuure, a ti ṣeré lọ ṣeré bọ̀.

Wáyà ni wọ́n ká róbótó sínú abọ́ ìdí ọ̀pá yẹn. Iná bátìrì ń gba inú wáyà náà, agbára rẹ̀ sì ń wọ inú ilẹ̀. Bó bá kan irin, bàbà tàbí wúrà, ohun náà á fèsì, ẹ̀rọ á sì sọ èsì yẹn di ohùn nínú íápíìsì. Ohùn nìkan ni o. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ wúrà yàtọ̀ sí ìdérí agolo. Ilẹ̀ pupa Victoria sì ní irin nínú, àwọn òkúta kan wà níbẹ̀ tó máa ń ké bí ẹni pé wúrà ni wọ́n. Èèyàn lè jáde láàárọ̀, kó gbẹ́ ihò 40 kó tó di ìrọ̀lẹ́: ìṣó, ọta ìbọn, ìdérí agolo, ìṣó. Ní ihò tó gbẹ̀yìn, ó rí wúrà tí kò tó ìdajì gíráàmù, ó sì fi ayọ̀ délé. Àwọn tó ń gbé fídíò jáde kì í fi ihò 39 yòókù hàn yín.

Nígbà mìíràn sì rèé, ilẹ̀ a máa lawọ́. Lọ́dún 1980, Kevin Hillier fi ẹ̀rọ yìí rí òkúta wúrà kan nítòsí Kingower, ní Victoria yẹn náà, tó wọn kìlò 27. Kò jìn sínú ilẹ̀ ju gígùn rúlà ọmọ iléèwé lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Hand of Faith, ìyẹn Ọwọ́ Ìgbàgbọ́. Ilé tẹ́tẹ́ kan ní Las Vegas ló rà á ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kí àwọn atatẹ́tẹ́ lè máa wò ó. (Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ìgbàgbọ́ balẹ̀ sí.)

Irú ìtàn báyìí ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ wa pe fóònù mi. Ohun tí kì í sí nínú fídíò ni ti ìwé. Ní Victoria, ìjọba ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Kí o tó gbé ẹ̀rọ jáde, o gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Miner's Right. Kò wọ́n, ọdún 10 ni wọ́n sì ń lò ó. Ìwé yẹn ló sọ wúrà tí o bá rí di tìrẹ. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹnìkan, o gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ihò tí o bá gbẹ́, kí o dí i padà. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ onílẹ̀, má fọwọ́ kàn án.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ wo? Lára wọn ni àwọn Dja Dja Wurrung, tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ yẹn tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí wúrà dé, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Títí dòní, wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ àwọn ti di ilẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, nítorí pé amọ̀ ìsàlẹ̀ ló wà lókè, erùpẹ̀ tó ń hu nǹkan sì ti lọ sísàlẹ̀. Ọdún 2013 ni ìjọba Victoria tó bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó jẹ́wọ́ pé àwọn ni ọmọ onílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní "mo ti ra ìwé àṣẹ, tèmi ni," mo gbà fún un níwájú òfin. Ṣùgbọ́n a mọ̀ nílé wa pé àtòhúnrìnwá tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀, kódà kó jẹ́ pé òógùn ara rẹ̀ ló fi gbin gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Mo máa ń fi olú àti iṣu ro ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí mo ti dàgbà, bí o bá ń gba oko olóko kọjá tí o rí olú tó hù lẹ́bàá ọ̀pẹ, o lè tu ú. Ìgbín tí o bá pàdé lálẹ́, tìrẹ ni. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ lólè. Àmọ́ bí o bá wa iṣu, ẹyọ kan péré, o ti wọ gàù. Kí ló fà á? Kò sẹ́ni tó gbin olú. Ọwọ́ ẹnìkan ló gbin iṣu. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ìdáná tí wọ́n dì sẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n so àlè mọ́. Kò sí ẹ̀dá kankan nítòsí, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé oní-nǹkan ń bọ̀.

Òkúta wúrà inú igbó, olú ni lójú tèmi. Ilẹ̀ ló hù ú. Ẹni tó bá ti kí onílẹ̀, tó gba àyè, tó sì dí ihò rẹ̀, kó máa jẹ oríire rẹ̀ lọ. Èmi ò rí aburú kankan níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kan náà yẹn ń wá iṣu pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣu ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe eré yìí ń wá: owó àtijọ́, ẹ̀gbà, òrùka, tí àwọn ará ijọ́un sọnù tàbí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ ní in lọ́kàn láti padà wá. Kò rí àyè padà ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ní abúlé Hoxne ní Suffolk, àgbẹ̀ kan sọ òòlù rẹ̀ nù sóko, ó sì ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eric Lawes, tó ní ẹ̀rọ, bá òun wá a. Lawes ò rí òòlù. Owó wúrà àti fàdákà ayé Róòmù ló rí, pẹ̀lú ṣíbí fàdákà àti ohun ọ̀ṣọ́. Ó kó díẹ̀, ó rí i pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ju agbára òun lọ, ó sì dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: ó dúró. Wúrà wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀, ó lọ pe àwọn aláṣẹ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn awalẹ̀pìtàn dé, wọ́n rí ojú àpótí tó ti jẹrà àti bí wọ́n ṣe to nǹkan sínú rẹ̀. Owó náà nìkan lé ní 14,000. Lawes gba 1,750,000 pọ́n-ùn. Òfin ìgbà náà ò ní kó fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó pín in pẹ̀lú àgbẹ̀ náà.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn méjì rí owó àtijọ́ àti ohun ọ̀ṣọ́ wúrà nítòsí Leominster. Wọn ò sọ fún onílẹ̀, wọn ò sọ fún ìjọba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́lẹ̀. Àwòrán tí wọ́n ti pa rẹ́ lórí fóònù ló tú wọn fó: ó fi hàn pé owó náà á tó 300. Nǹkan bí 30 ni wọ́n rí gbà padà. Wọ́n rán wọn lẹ́wọ̀n lọ́dún 2019. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ kì í ṣe ti onílẹ̀. Lára owó díẹ̀ tó kù, àwọn kan ní àwòrán ọba méjì tí wọ́n jókòó pọ̀: Alfred ti Wessex àti Ceolwulf ti Mercia. Àwọn òpìtàn ti fi Ceolwulf ṣe ẹni yẹpẹrẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Owó yìí ló fi hàn pé àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí ni èyí tó sọnù ì bá tún sọ? Ẹnu òkú ni wọ́n tà.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé gbogbo àṣírí ló wá burú ni? Rárá o. Àwọn tó ń wá wúrà ní Victoria máa ń pàdé, wọ́n á sọ bí ejò ṣe lé wọn, bí bátìrì ṣe kú nígbà tí ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn, wọ́n á fi wúrà hàn ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ọdẹ wo ló ń sọ ibi tí ẹran ti ń mu omi? Ẹni tó ń fi ojú ibi pamọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi ohun tó rí pamọ́ fún onílẹ̀ ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe tòun nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ògúndá Méjì á ti rántí ìtàn tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa orúkọ odù náà: àwọn méjì ń jà lórí ẹja kan, Ògún dé, ó dá ẹja náà sí méjì, ó fún oníkálukú ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi kọ́ni pé ká máa pín nǹkan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ń wo ohun mìíràn níbẹ̀: ẹja náà wà ní gbangba. Àwọn méjèèjì rí i, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnì kejì rí i. Ẹja tí ẹnìkan bá ti gbé sábẹ́ agbádá, Ògún pàápàá ò rí i dá. Lọ́dún 1869, ọ̀rẹ́ méjì kan, John Deason àti Richard Oates, rí òkúta wúrà tó lé ní kìlò 70 ní Moliagul, ní Victoria. Ó tóbi ju òṣùwọ̀n ìlú lọ, orí owú nílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti gé e kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n. Ògún náà nìyẹn, bí ẹ bá bi mí.

Nílé ńkọ́? Òfin ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì. Wúrà wà ní agbègbè Iléṣà àti Àtàkúnmọ̀sà, láti ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n sì ti ń wa á. Ẹ̀yin tí ẹ lọ bọ Òṣun lẹ́nu ọdún wọ̀nyí ti rí àwọ̀ omi yẹn. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n má mu ún. Mi ò ní da ẹni tó gbẹ́ ihò kékeré tó sì dí i pọ̀ mọ́ ẹni tó ń fọ erùpẹ̀ sódò. Ṣùgbọ́n ihò kékeré tí wúrà ti jáde kì í pẹ́ di kòtò, bí òkìkí bá ti kàn.

Ilé-Ifẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lọ́dún 1938, ìpìlẹ̀ ilé lásán ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣu ni gbogbo ilẹ̀ yẹn, àwọn tó gbìn ín la sì ń jẹ́ orúkọ wọn. Bí ẹnìkan bá ní kí n dá Ifá fún òun kí òun tó gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló mọ̀ pé ó ń lọ. Bó bá ní kò sí, kó máa gbé owó rẹ̀ lọ.

Ẹnìkan tún bi mí pé òòlù àgbẹ̀ Hoxne ńkọ́. Wọ́n rí i nígbẹ̀yìn. Ó wà pẹ̀lú àwọn wúrà náà ní British Museum, ilé kan náà tí orí Ifẹ̀ yẹn wà.