Ta Ló Mú Ẹran Nínú Ìkòkò?



Kò sí ìyá nínú wa tí kò tíì béèrè ìbéèrè òkè yìí rí. Àwọn ọmọ tò sórí ìlà, pàṣán wà lọ́wọ́ ìyá, gbogbo wọn ní, "Èmi kọ́." Ìyá fi kún un pé, "Ọlọ́run ń wò yín o!" Síbẹ̀, "èmi kọ́" náà ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni pé, kí ni a kọ́ ẹni tó mú ẹran lọ́jọ́ náà? Ṣé pé olè jíjà kò dára ni, àbí pé kí ó nu ẹnu rẹ̀ dáadáa nígbà mìíràn?

Susanna Wesley, ìyá John àti Charles, ti ro ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ọmọ 19 ni ó bí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Ní ọdún 1732, John ní kí ó kọ bí ó ṣe tọ́ wọn ránṣẹ́ sí òun, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó kẹ́ ọmọ bàjẹ́: nínú ilé rẹ̀, ọmọ ọdún kan ti mọ̀ láti bẹ̀rù ẹgba, ó sì ti mọ bí a ṣe ń sunkún jẹ́jẹ́. (Èmi kò lè bá a dé ibẹ̀.) Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kan náà ló ṣàkíyèsí pé ìbẹ̀rù ìyà ló ń kọ́ ọmọ ní irọ́, títí irọ́ yóò fi mọ́ ọn lára. Nítorí náà ó ṣòfin: ọmọ tó bá jẹ́wọ́, tó sì ṣèlérí àtúnṣe, a kò ní nà án. Bí ó bá sì ti yí padà, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà bú u mọ́. Ó ní òfin náà dín irọ́ kù. Ìbá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kì í bá ṣe ti ẹnì kan nínú ilé tí kò gbà láti tẹ̀ lé e, tí àwọn ọmọ sì ń fi ọ̀rọ̀ àbọ̀ tàn jẹ. Kò dárúkọ ẹni náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ nílé lè mọ̀ ọ́n.

Arábìnrin kan lè sọ pé, "Màmá, bí a kò bá nà án, á máa jẹ ẹran lójoojúmọ́, á sì máa jẹ́wọ́ lójoojúmọ́." Ewu náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlérí àtúnṣe wà nínú òfin náà, ẹgba nìkan sì kọ́ ni ẹ̀kọ́. Ẹni tó jẹ ẹran lọ́sàn-án kò ní rí ẹran lálẹ́, láìsí ariwo. Ẹlòmíràn yóò ní òótọ́ tí ọmọ sọ nítorí pé kò sí ẹgba kì í ṣe òótọ́ gidi. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà ńkọ́? Kò tíì mọ ìdí tí ó fi ń kúnlẹ̀. Orúnkún ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, òye ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù kì í ṣe ti ẹran. Ọmọ yẹn náà ni yóò di ọmọ ọdún 17, tí yóò wí pé, "Màmá, mo ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé ẹnì kan ń gbọ́." Bí ìfọ́tí bá ni èsì rẹ̀, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò kọrin, yóò gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, inú wa yóò sì dùn. Ní kíláàsì, ẹsẹ Bíbélì tí ọmọ mọ̀ sórí ni a lè fún ní máàkì. Ohun tí ó gbà gbọ́ kò ní máàkì. Ta ló sún mọ́ Ọlọ́run jù, ẹni tó sọ iyèméjì rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tàbí ẹni tó fi orin bò ó mọ́lẹ̀?

Susanna ya ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ti ọjà dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìdajì wákàtí níbi tí a ti ń já ẹ̀fọ́ náà tó. Nígbà tí John ti di olùkọ́ ní Oxford, ó kọ̀wé bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó tún yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà fún òun.