PÚLỌ́Ọ̀GÌ WO NI KÒ ṢIṢẸ́?

Kà: Psalmu 139:23-24

Bí Peugeot 504 àtijọ́ tí wọ́n tò ní Kàdúná bá ń gbọ̀n wọ Òrè, mẹkáníìkì kì í sáré tú ẹ́ńjìnnì. Á jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́, á fi pílíásì onírọ́bà yọ wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa dá a padà. (Kì í fi ọwọ́ lásán kàn án; iná rẹ̀ kì í ṣeré.) Bí ó bá yọ ọ̀kan tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó yọ tí ìró kò yí padà, ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Bí a bá yọ àdúrà kúrò nínú ilé rẹ láàárọ̀ yìí, ta ni yóò mọ̀? Òtítọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́? Púlọ́ọ̀gì mẹ́ta lè gbé ọkọ̀ dé Òdìgbó, Bìní jìnnà.

Àdúrà: Olúwa, yọ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú mi, èyí tó ti dákẹ́, tan iná sí i.