Ẹ̀rí Àwọn Tó Yè

27 Oṣù Kìn-ín-ní
Bíbélì kíkà: Lefitiku 19:16–18

Òní ni ayé ń ṣèrántí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù tí ìjọba Násì ilẹ̀ Jámánì pa ní Yúróòpù. Irú òní lọ́dún 1945 ni àwọn ọmọ ogun Soviet tú àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ní àgọ́ Auschwitz. Láti ìgbà náà ni àwọn tó yè ti ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Wọ́n ti darúgbó báyìí, wọ́n ń tán lọ, ìkórìíra tó pa àwọn ènìyàn wọn sì tún ń gbérí. Ní Oṣù Kẹwàá 2018, ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn 11 nínú sínágọ́gù ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà. Júù ni Jésù Olúwa wa, Júù ni Màríà, Júù ni Pọ́ọ̀lù. Kristẹni tó bá kórìíra Júù, ìdílé Olùgbàlà rẹ̀ ló kórìíra.

Ní agbègbè Jos níbí, àwa náà ní àwọn tó yè. Ní 19 Oṣù Kìn-ín-ní 2010, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n pa ní abúlé Kuru Karama, tí wọ́n sì ju òkú wọn sínú kànga. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 7 Oṣù Kẹta, àwọn Kristẹni ni wọ́n pa ní Dogo Nahawa, tìyá tọmọ. Bí a bá ń sọ ti Dogo Nahawa fún àwọn ọmọ wa, tí a sì ń fo ti Kuru Karama, ẹ̀san là ń gbìn sí wọn lọ́kàn.

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe to àṣẹ Rẹ̀ nínú Bíbélì kíkà wa. Òfófó ló kọ́kọ́ kọ̀ fún wa, lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì, ìkórìíra inú ọkàn àti ẹ̀san, kó tó wá pàṣẹ ìfẹ́. Ẹni tó gbé Jos ní 2010 mọ ìdí rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń ru àwọn ènìyàn sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìwé ìròyìn Násì ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún bú àwọn Júù kí wọ́n tó kó wọn lọ pa.

Ṣùgbọ́n ìrántí rere ń gba ẹ̀mí là. Ní 23 Oṣù Kẹfà 2018, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ abúlé Nghar ní Barkin Ladi, Imaamu Abdullahi Abubakar kó Kristẹni 262 pamọ́ sínú mọ́sálásí àti ilé rẹ̀, ó sì ń bẹ àwọn agbébọn náà fún ẹ̀mí wọn. Ó ní àwọn Kristẹni ibẹ̀ ló fún àwọn Mùsùlùmí ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ mọ́sálásí náà sí, ó ti lé ní 40 ọdún. Bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Oore tí Nghar kò gbàgbé ló di ibi ìsádi.

Iṣẹ́ òní: Bi àgbà kan tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí. Má já a nírọ́, má bá a jiyàn. Béèrè oore tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe fún tìrẹ pẹ̀lú, kí o sì sọ méjèèjì fún àwọn ọmọ rẹ.

Àdúrà: Bàbá, ṣọ́ ahọ́n wa. Fún wa ní etí tó ń gbọ́ ẹkún aládùúgbò wa bíi tiwa. Tu àwọn tó yè nínú, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jogún ìkórìíra. Lórúkọ Jésù. Àmín.